Wáyà Tí Kò Wọ Ibì Kankan

"Orin wo ni ìwọ kọ? Dárúkọ ẹyọ kan ká gbọ́. Ìwọ tí o ń ta gìtá bí ẹni ń fa ayùn."

Ìyàwó ló ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyẹn, lójú ìyá ọkọ, nínú yàrá ẹ̀yìn tí ìyá náà ti ń ránṣọ. Ọ̀sán gangan ni. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, gbogbo ará ilé sì ń gbọ́. Páálí àwo orin tuntun kan wà lórí tábìlì tí ìyá fi ń gé aṣọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọjú sókè. Orin mẹ́sàn-án, ti àtijọ́ àti tuntun, ni wọ́n tò sẹ́yìn páálí yẹn, wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n kọ orúkọ àbúrò ọkọ náà. Wọn ò kọ ti òun ẹ̀gbọ́n lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ra àwo náà ò rí páálí yìí rí. Wọ́n ti sun ún kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ìdí tí wọ́n fi sun ún ni mo fẹ́ sọ, nítorí àwọn tó ń ròyìn Ẹgbẹ́ Yàrá-Ẹ̀yìn kiri lónìí, orí ìjókòó òǹwòran ni wọ́n ti mọ̀ wọ́n. Èmi ni mo ń gbé sípíkà wọn. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi gbé e. Ẹ̀yìn mi mọ ìtàn yìí ju ìwé ìròyìn lọ.

Ẹ̀gbọ́n yìí, Káfíńtà là ń pè é, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn. Àbúrò rẹ̀, Dígí là ń pè é, nítorí kò sí dígí tó lè kọjá lára rẹ̀ láì dúró kí i. Dígí ọkọ̀, dígí ṣọ́ọ̀bù, omi inú korobá pàápàá. Akọ̀wé ni ìyàwó Káfíńtà. Ọ́fíìsì ló ti ń tẹ ìwé kó tó lọ́kọ, nígbà tí òkìkí ẹgbẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàn, òun ló ń bá wọn kọ gbogbo lẹ́tà. Ìyá Aránṣọ ló bí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Bàbá wọn ti jáde nílé nígbà tí Dígí ṣì ń rákò, kò sì padà.

"Mo ní kí o dárúkọ ẹyọ kan," Akọ̀wé tún wí.

Káfíńtà kọjú sí àbúrò rẹ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. "Ta ló kọ 'Ẹ Má Ti Ilẹ̀kùn'?"

Dígí ń wo èékánná rẹ̀. "Bùọ̀dá, ẹ̀yin lẹ máa ń ta gìtá sí i. Títa gìtá yàtọ̀ sí kíkọ orin. Ẹni tó kan pósí kọ́ ló pa òkú."

"Ìbéèrè ni mo bi ọ́."

"Èmi náà sì ti fún ìwọ lésì."

Ìwọ. Ọjọ́ náà ni Dígí kọ́kọ́ pe ẹni tó pọ̀n ọ́n dàgbà ní ìwọ. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, àpótí wà léjìká mi, mo gbọ́ ọ. Àpótí yẹn wúwo, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ ta mí lára.

Káfíńtà yíjú sí ìyá wọn. "Ìyá, inú yàrá yìí ni mo ti kọ ọ́. Ìdí ẹ̀rọ yẹn lẹ jókòó sí. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún wọn."

Ìyá Aránṣọ fi òwú sẹ́nu, ó fi itọ́ rẹ ẹ́, ó fi bọ ihò abẹ́rẹ́. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Ọmọ ìyá méjì kì í jà sí orúkọ," ó wí. "Èyí tí wọ́n bá kọ níbẹ̀, ilé yìí náà ló ni ín. Ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, orí ọmọ sì wọ́. Mo mọ ohun tó ń ṣe ìyá. Dígí ni àbíkẹ́yìn, ó jọ bàbá tó lọ, bí ìyá bá wò ó, ọkàn rẹ̀ a yọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò sì fi jì í.

"Ó dáa," Káfíńtà wí. Ó yọ gìtá rẹ̀ àtijọ́ kúrò lórí ìṣó. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. "Akọ̀wé, ìwé tí o gbé wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lóṣù tó kọjá. O ní ìwé gbọ̀ngàn tí a fẹ́ háyà fún eré ni."

"O fọwọ́ sí i àbí o ò fọwọ́ sí i? Ojú rẹ ò kúkú fọ́."

Ó fọwọ́ sí i. Igi wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, ìyẹ̀fun pákó kún ojú rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ na ìwé sí i pẹ̀lú bírò, ó fọwọ́ sí i. Ta ló máa ń ka ìwé tí ìyàwó rẹ̀ bá gbé síwájú rẹ̀? Ìwé pé àbúrò rẹ̀ ló kọ gbogbo orin, pé òun Káfíńtà ni ẹlẹ́rìí, ni obìnrin yẹn fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀.

"Gbé gìtá rẹ lọ," ó ké tẹ̀ lé e. "Igi ìdáná ni."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí igi ìdáná yẹn jẹ́, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé.

Ọwọ́ ọlọ́jà àlòkù ni Káfíńtà ti rà á, nígbà tí kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n. Okùn mẹ́fà ló wà lára gìtá, irin kékeré kan ló sì wà lórí rẹ̀ fún okùn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi ń yí i le. Irin okùn tó sanra jù ti kán. Káfíńtà fi síkúrù kẹ̀kẹ́ dípò rẹ̀. Síkúrù yẹn ò dí dáadáa: bí o bá yí okùn náà dé ibi tí gbogbo ayé ń yí i dé, á yọ̀, á tú. Ẹlòmíì á ti sọ gìtá náà nù. Káfíńtà dẹ okùn yẹn sílẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá orin tí okùn tó dẹ̀ fẹ́. Ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù bá ń kọjá lẹ́yìn ilé. Àyà lo fi ń gbọ́ ọ. Ìyá á máa tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́wọ́ ọ̀tún, gìdì-gìdì, gìdì-gìdì, Káfíńtà á máa ta gìtá lọ́wọ́ òsì, ẹsẹ̀ ìyá ló sì ń bá rìn. Nígbà tí a rí onílù, ohun tí a ní kó lù ni ẹ̀rọ ìránṣọ. Àwọn tó ń jó o títí di òní ò mọ̀ pé ìdí ṣòkòtò tí wọ́n ń rán ni wọ́n ń jó sí.

Nígbà tí a di ẹni tó ń lo gìtá olówó gọbọi, Káfíńtà dẹ okùn yẹn lára gbogbo wọn. Òun nìkan ló ń yí okùn gìtá fún gbogbo ẹgbẹ́, kí a tó ṣeré, lójoojúmọ́. Kò sí ẹlòmíì tó fọwọ́ kàn án. Bí oúnjẹ ló ṣe rí: ẹni tí kò dáná rí ò mọ̀ pé iyọ̀ wà níbẹ̀.

Gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan la ti kọ́kọ́ ṣeré orin rọ́ọ̀kì wa. Ènìyàn mọ́kànlá ló wá, márùn-ún nínú wọn ń sá fún òjò. Lọ́dún kejì, ẹni tó ń ṣe ètò lórí rédíò gbọ́ "Ẹ Má Ti Ilẹ̀kùn", ó lò ó lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ ọjọ́ kan. Lọ́dún kẹta, àwọn ènìyàn ń fọ́ fèrèsé wọlé wá wò wá. Ọdún kẹta yẹn náà ni Dígí sọ pé òun fẹ́ máa gbé gìtá kọ́rùn. Ohùn Dígí dára, mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n gìtá ò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ìka ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n yóò yá jù, yóò pẹ́ jù, orin á dàrú.

Káfíńtà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Wáyà gìtá àbúrò mi," ó ní, "má fi bọ ibì kankan mọ́. Fi há ẹ̀yìn sípíkà, kó dà bí ẹni pé ó wọlé. Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Má sọ fún òun pàápàá. Mi ò fẹ́ kí ojú tì í."

Ọdún márùn-ún ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ariwo pọ̀ lórí pèpéle. Gìtá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Dígí ń gbọ́, ó rò pé tòun ni. Ó ń mi orí, ó ń da òógùn, kò ta ohunkóhun. Inú rere ni ẹ̀gbọ́n fi bọ́ ọ títí ó fi yó, nígbà tó yó tán, ó gbá abọ́ dànù.

Ta ló wá gbà á nímọ̀ràn? Akọ̀wé a máa pe Dígí ní "ọkọ mi", bí ìyàwó ṣe ń pe àbúrò ọkọ. A ń rẹ́rìn-ín sí i. Ọkọ á wà ní ṣọ́ọ̀bù tó ń gé pákó, "ọkọ mi" á wà nílé, á na ẹsẹ̀ sórí àga. Ojú àwa náà fọ́.

Lẹ́yìn ìjà yàrá ẹ̀yìn, inú ṣọ́ọ̀bù ni Káfíńtà ń sùn. Akọ̀wé ò tẹ̀ lé e. Ó sọ fún àwọn ará ilé pé òun ò lè máa fẹ́ ẹni tí kò lórúkọ. Ọjọ́ kẹsàn-án, tẹlifíṣọ̀n ránṣẹ́ pe Dígí kó wá sọ̀rọ̀ nípa àwo tuntun tó ń bọ̀ níta. Ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ ni, bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ làwọn ènìyàn á máa wò ó nílé. Wọ́n fi ìyá sí ìjókòó iwájú, kí wọ́n lè fi ìyá ìràwọ̀ han aráyé. Akọ̀wé jókòó tì í, ó wọ bàtà tó ń pariwo. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ àwo náà wà níbẹ̀, páálí wà lórí itan rẹ̀. Onílù ò wá. Ó ní inú ń run òun. Irọ́ ni, ojú ló ń tì í. Èmi wá, nítorí ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé gìtá.

Wọ́n fi máìkì kékeré kan há àyà Dígí, wáyà rẹ̀ gba abẹ́ ẹ̀wù lọ sínú àpótí kan ní ìbàdí rẹ̀.

"Gbogbo ènìyàn ló ń kọ 'Ẹ Má Ti Ilẹ̀kùn'," olóòtú ètò náà wí. Obìnrin tó mọ̀rọ̀ sọ ni. "Kí ló fà á tí ẹ fi kọ ọ́?"

Dígí rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. "Ọmọge kan ni. Mo lọ kí i, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú. Mo darí sílé, mo gbé gìtá, orin bá jáde."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá Aránṣọ ò pàtẹ́wọ́. Mo dúró sẹ́yìn kámẹ́rà, ojú rẹ̀ ni mo ń wò. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ jáde tí kò padà, ọdún méjì gbáko ni ìyá yìí fi ń sọ fún ọmọ ọdún méje kan ní ìrọ̀lẹ́ pé, "Má ti ilẹ̀kùn, bóyá á dé." Ọmọ náà á jókòó ti ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, á máa ṣọ́ ọ títí oorun á fi gbé e lọ. Dígí ń rákò nígbà yẹn. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú orin yẹn tí kò ti ẹnu ìyá jáde. Òun náà ni wọ́n wá sọ di ọmọge lójú rẹ̀.

"Ẹ ta á fún wa díẹ̀," olóòtú wí, "bí ẹ ṣe ta á lọ́jọ́ tí ẹ kọ ọ́. Ẹ̀yin nìkan."

Inú Dígí dùn. Mo gbé gìtá rẹ̀ tó ń dán fún un. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló ra okùn tuntun sí i, ẹni tó tà á fún un ló bá a so ó, ó sì yí i bí gbogbo ayé ṣe ń yí i. Wọ́n fi wáyà rẹ̀ bọ inú ẹ̀rọ. Láti ọdún márùn-ún, ọjọ́ náà ni wáyà Dígí kọ́kọ́ wọ ibì kan. Mo lè ti ta á lólobó. Mo pa ẹnu mi mọ́.

Ó tẹ ìka rẹ̀ gẹ́lẹ́ síbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń tẹ̀. Ìka ò ṣì. Ó ta á. Ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù mọ́lẹ̀ dùn jù ú lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún un ta. Ewúrẹ́ náà tún ké. Nígbà tó di ìgbà kẹta, ẹnì kan rẹ́rìn-ín láàárín àwọn òǹwòran.

"Gìtá yìí ti bàjẹ́," Dígí wí.

Òṣìṣẹ́ wọn kan tó mọ gìtá wá, ó ta okùn kọ̀ọ̀kan, ó mi orí. "Kò bàjẹ́, ọ̀gá. Wọ́n yí gbogbo okùn ẹ̀ bó ṣe yẹ."

"Mo ní ó ti bàjẹ́."

"Kò bàjẹ́." Ìyá Aránṣọ ló sọ̀rọ̀. Ó ti dìde.

Akọ̀wé fa aṣọ rẹ̀. "Màmá, ẹ jókòó, wọ́n ń wò wá."

"Kí wọ́n máa wò. Fi aṣọ mi sílẹ̀." Ó nawọ́ sí ọmọ rẹ̀. "Okùn tó sanra jù, dẹ̀ ẹ́."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́."

"O ò mọ̀ pé wọ́n ń dẹ̀ ẹ́, àbí? Ẹni tó kọ orin mọ̀. Ìdí ẹ̀rọ mi ni mo wà tí ó fi ń dẹ̀ ẹ́, mo mọ bó ṣe ń dún ju bí mo ṣe mọ ohùn tèmi lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló kọ orin yẹn. Òun ló kọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ilẹ̀kùn tí o pè ní ti ọmọge, ilẹ̀kùn mi ni. Bàbá rẹ ni mo ń retí, ẹ̀gbọ́n rẹ ló sì ń bá mi ṣọ́ ọ. Nílé, mo ní kó lọ bẹ́ẹ̀ nítorí rẹ. Irọ́ ni mo fi gbè ọ́. Kò ní í lọ bẹ́ẹ̀ mọ́."

Dígí gbé gìtá sílẹ̀, ó sá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Akọ̀wé sá tẹ̀ lé e, bàtà rẹ̀ ń ta kò-kò-kò. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn. Kò sẹ́ni tó rántí máìkì àyà Dígí. Kíá ni ohùn àwọn méjèèjì gba inú gbọ̀ngàn tẹlifíṣọ̀n náà kan, ó sì gba ilé gbogbo ẹni tó tan tẹlifíṣọ̀n.

"Ìwọ lo kó mi sí wàhálà yìí. Ìwọ lo tẹ orúkọ mi síwèé."

"Ta ló bẹ̀ mí? Ta ló dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń sunkún fún mi pé orúkọ òun ò sí níbì kankan?"

"Ìwọ lo ní òpònú ni ọkọ rẹ. O ní bí o bá gbé ìwé ikú rẹ̀ wá fún un, á fọwọ́ sí i."

"Kò wá fọwọ́ sí i? Mo ní ìwé gbọ̀ngàn ni, ó fọwọ́ sí i. Èmi ṣe tèmi yanjú. Ìwọ ni gìtá kò sí lọ́wọ́ ẹ̀. Ọdún mẹ́lòó lo ti ń gbé e kọ́rùn kiri bí ẹ̀gbà ọrùn?"

"Aṣẹ́wó."

"Olè."

Ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ ohùn lè ti pa á. Ó sọ lẹ́yìn náà pé òun ń wá bọ́tìnnì. Ọmọ dáadáa ni. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ àwo ká páálí orí itan rẹ̀ sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin, ó dìde, ó lọ. Ọjọ́ kejì ni wọ́n sun gbogbo páálí tí wọ́n ti tẹ̀, wọ́n sì tẹ òmíràn. Orúkọ Káfíńtà wà lábẹ́ orin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán.

Ìyá Aránṣọ lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kejì yẹn. Ó dúró ní ìta. "Ọmọ mi," ó wí, "èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ."

Káfíńtà gbé pákó tó ń fá sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ gbá ìyẹ̀fun kúrò lórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ wọlé, Ìyá. Ẹ jókòó."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ì bá ti sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Akọ̀wé náà wá, ó kó àwọn ẹbí rẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Ó kúnlẹ̀ sínú ìyẹ̀fun pákó, ó ní iṣẹ́ èṣù ni.

"Èṣù ò mọ ìwé tẹ̀," Káfíńtà wí, ó tẹra mọ́ igi rẹ̀.

Dígí náà ò gbà á sílé. Ó ní Akọ̀wé ló ba ayé òun jẹ́. Àwọn tó ti jọ ń jẹ nínú abọ́ kan, wọn ò lè kí ara wọn lójú títì mọ́. Dígí dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, eré mẹ́ta péré ló ṣe. Bó bá ti gbé gìtá, àwọn èrò á máa ké láti ẹ̀yìn: "Dẹ̀ ẹ́! Dẹ̀ ẹ́!" Wọ́n ní kì í dúró wo dígí mọ́.

Káfíńtà fúnra rẹ̀ ló ń kọrin wa báyìí. Ohùn rẹ̀ ò dùn, ó ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó dúró níwájú ẹgbàágbèje ènìyàn ní pápá ìṣeré, ó fi gìtá síkúrù kẹ̀kẹ́ yẹn sẹ́bàá máìkì, ó fara balẹ̀ dẹ okùn tó sanra, gbogbo pápá sì gbọ́ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ ẹ̀rọ tí kò sí níbẹ̀.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, Dígí wá sí ibi tí a ń kó ẹrù sí, ó ní òun fẹ́ gba gìtá òun. Káfíńtà ní kí n fún un. Mo gbé e fún un. Ó ṣí àpótí, ó wò ó.

"Wáyà ẹ̀ dà?"

"Kí lo fẹ́ fi wáyà ṣe?"

"Wáyà gìtá mi ni. Kò lè dún láìsí wáyà."

Mo bá sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí n má sọ. Mo ní ọdún márùn-ún ni wáyà yẹn fi há ẹ̀yìn sípíkà, kò wọ ibì kankan, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ gìtá rẹ̀ láti ìgbà náà àfi láàárọ̀ tẹlifíṣọ̀n.

Ó dúró. Ó ń wo ojú mi bí ẹni tó ń wá ojú ara rẹ̀ níbẹ̀. "Ta ló ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ. Ó ní òun ò fẹ́ kí ojú tì ọ́."

Ó gbé àpótí rẹ̀, ó lọ, kò sì bèèrè wáyà mọ́. Mo fi wáyà náà kọ́ ìṣó nínú yàrá mi, ó wà níbẹ̀ títí di òní. Káfíńtà ní òun ti dárí jì í, pé kí n jẹ́ kó di ọ̀rọ̀ àná. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìyẹn. Bí Dígí bá fẹ́ wáyà rẹ̀, kó wá bá mi. Kó kọ́kọ́ sọ ibi tó fẹ́ fi bọ̀.